Iyán Funfun, Àmàlà Dúdú: Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Oúnjẹ Tó Ń Pe Oníbàárà

Ẹ̀yin tí dátà ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ètò wa, a ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbí, ẹ rọra máa kà á. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò, mo sì ti yọ ibi tí àkùkọ aládùúgbò wa ti fẹ́ bá mi ṣe ètò náà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò oúnjẹ ni a ń sọ lónìí. Mi ò sọ fọ́tò tí èèyàn ń yà ní ilé oúnjẹ ńlá kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Fọ́tò tí wọ́n fi ń tajà ni mò ń sọ. Ní Kàbà níbí, àwọn tó ń ta oúnjẹ lórí WhatsApp ti pọ̀. Ẹni tó ń se ìrẹsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Kogí tó wà nílùú yìí wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ àsè náà wà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ Okun tó wà ní Àbújá tàbí Èkó á pè pé àwọn ń bọ̀ wálé wá sìnkú ìyá àwọn, kó bá wọn se oúnjẹ igba èèyàn. Ẹni tó wà ní Àbújá ò lè tọ́ ọbẹ̀ wò. Òórùn irú ò lè ta sí i nímú. Fọ́tò nìkan ló rí. Bí fọ́tò yẹn bá ṣókùnkùn, tí iyán inú rẹ̀ rí bíi símẹ́ǹtì tó ti gbẹ, ìka ló máa fi gbá a kọjá lọ sórí status ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ pé iyán ẹni tó fò kọjá yẹn ló dùn jù ní gbogbo ìlú. Kò ní mọ̀ láéláé.

Iṣẹ́ fídíò àti ohùn ni mò ń ṣe, àwọn olóúnjẹ sì máa ń pè mí. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn ò yàtọ̀ síra. Ìyá kan tó ń ta iyán sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, fóònù mi ló gọ̀. Iyán mi funfun báláú, àmọ́ bí mo bá ti yà á báyìí, á dà bí eérú.” Mo ní, “Ẹ má bínú sí fóònù yín, mà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe.” Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà.

Òótọ́ ni mo sọ. Kámẹ́rà ò mọ iyán yàtọ̀ sí ògiri. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ ló ń wò. Àwọn tó ṣe é ti fi kọ́ ọ pé bí a bá da gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, funfun àti dúdú, ó yẹ kó já sí àwọ̀ eérú, àárín méjì. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé iyán funfun sínú àwo funfun, tí ẹ wá tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà á ní, “Háà, ìmọ́lẹ̀ yìí mà pọ̀ jù,” á sì dín in kù. Iyán á di eérú. Bó bá jẹ́ àmàlà lẹ gbé síwájú rẹ̀ lórí tábìlì dúdú, á rò pé ilẹ̀ ti ń ṣú, á bu ìmọ́lẹ̀ kún un, àmàlà tó ń dán á wá rẹ́súrẹ́sú bí aṣọ tí òòrùn ti pa. Àwọn fóònù tuntun ti gbọ́n díẹ̀ sí i, àwọn kan tiẹ̀ máa ń dá a mọ̀ pé oúnjẹ lẹ fẹ́ yà, àmọ́ ìwà àtijọ́ yẹn ò tíì kúrò lára wọn.

Ohun tí ẹ máa ṣe sí i ò lé ní ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ fi ìka tẹ ojú fóònù níbi tí iyán wà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àwòrán òòrùn kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ tẹ̀. Ẹ fa òòrùn yẹn sókè díẹ̀ fún iyán, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀ fún àmàlà. Kí ẹ má fà á sókè débi pé iyán á funfun tí ẹ ò ní rí bó ṣe rí róbótó mọ́ o. Ibi tí ó bá ti di funfun pátápátá nínú fọ́tò, kò sí irinṣẹ́ tó lè mú un padà.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí kì í rí ohun dúdú dáadáa yìí ní ìtàn, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Láyé fíìmù, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá àwọ̀ tọ́. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà, àwòrán obìnrin òyìnbó ló sì wà lórí rẹ̀. Bí awọ ara Shirley bá ti dáa, ó ti parí. Èèyàn dúdú tó bá wà nínú fọ́tò kan náà, eyín àti ojú rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ọ̀mọ̀wé Lorna Roth ti Concordia University ní Kánádà ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Lára ohun tó rí ni pé àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń fi igi ṣe àga àti tábìlì wà lára àwọn tó pariwo tí Kodak fi tún fíìmù rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní fọ́tò ò jẹ́ kí oníbàárà mọ ṣokoléètì tó dúdú yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi mílíìkì sí. Ẹ ò rí nǹkan bí? Ṣokoléètì ló bá wa bẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé oúnjẹ òkèlè ò ṣe é yà, pé ó kàn dà bí ẹrẹ̀, ẹ má gbà. Ozoz Sokoh, tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta kó tó di ẹni tí a mọ̀ mọ oúnjẹ, ti ń kọ̀wé nípa oúnjẹ Nàìjíríà tó sì ń ya fọ́tò rẹ̀ lórí Kitchen Butterfly láti 2009, ìyẹn kí Instagram tó jáde ní 2010. Ẹ lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ tí à ń jẹ nílé náà ni. Ó kàn fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ẹ́ ni.

Ìmọ́lẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Wọ́n á lọ ra iná róbótó tí wọ́n ń pè ní ring light, fèrèsé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Iná róbótó yẹn dáa fún ojú èèyàn. Fún ọbẹ̀ tó lépo, àwòrán òrùka funfun kan ló máa ń yọ sórí epo, bí ẹni pé wọ́n ju bàǹgù sínú abọ́.

Ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù lórí YouTube nípa fọ́tò oúnjẹ, ìlú òtútù ni wọ́n ti ṣe é. Níbẹ̀, òòrùn máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pàápàá nígbà òtútù wọn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ní tiwa, Kàbà ò tó ìwọ̀n digírì mẹ́jọ sí ìlà tó pín ayé sí méjì, ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, òòrùn wà lókè orí wa. Ní oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó máa ń dúró sí òkè orí wa gẹ́lẹ́, tí òjìji yín á fi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá gbé abọ́ ọbẹ̀ síta nírú àkókò yẹn, etí abọ́ á sọ òjìji dúdú sórí ọbẹ̀, epo á máa kọ mànà bíi jígí, ẹran á sì rí bí ohun tí wọ́n gbẹ́ láti ara èédú.

Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ló dáa jù, tàbí aago mẹ́rin sí márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọ̀sán ni iyán ń jáde látinú odó! Kò sí ẹni tó ń gún iyán ní aago mẹ́jọ àárọ̀ torí fọ́tò. Ó dáa. Ẹ gbé e wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà tí òòrùn ò ti tàn wọlé tààrà. Ẹ gbé tábìlì sí bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ojú ọ̀run wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ni ẹ ń wá, kì í ṣe ojú òòrùn fúnra rẹ̀. Bó bá ń tàn wọlé, ẹ ta kọ́tínì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lójú.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti apá òsì wọlé, apá ọ̀tún oúnjẹ á ṣókùnkùn. Ẹ má sáré lọ tan gílóòbù. Ẹ mú páálí Indomie kan, ẹ lẹ bébà funfun mọ́ ọn, ẹ gbé e dúró sí apá ọ̀tún. Ìmọ́lẹ̀ á lu bébà, á padà wá bá oúnjẹ. Páálí yẹn wà ní ilé mi títí di òní, ó ti yí etí, epo pupa sì ti ta sí i lára, mi ò sì lè fi pààrọ̀ ohunkóhun.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tan gílóòbù ni pé ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀. Ojú wa ti mọ́ ọn lára débi pé a kì í rí i. Kelvin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń wà ní bíi 5500, gílóòbù tó ń mú àwọ̀ yẹ́lò wá máa ń wà ní bíi 2700. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ sórí iyán kan, apá kan á yẹ́lò, apá kejì á fẹ́ máa ṣe búlúù, fóònù ò sì ní mọ èyí tó yẹ kó tún ṣe. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ pa ìkejì. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni, gílóòbù funfun kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ sàn ju mẹ́ta láti òkè lọ.

Ògiri náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá kun yàrá yín ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé á ta sí iyán yín lára. Èyí tó burú jù ni kánópì. Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ òde ìnáwó, ẹ wo fọ́tò yín àtijọ́: iyán tó wà lábẹ́ kánópì búlúù, búlúù ni. Ìrẹsì lábẹ́ kánópì pupa, ó dà bí ohun tí kò jinná. Ẹ gbé abọ́ kan jáde lọ sábẹ́ igi tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ògiri rẹ̀ funfun, ẹ yà á níbẹ̀, ẹ dá a padà.

Nígbà ọyẹ́, nǹkan máa ń yí padà. Eruku tó bo ojú ọ̀run máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀, bí ẹni tí ó ta aṣọ fẹ́lẹ́ bo òòrùn. Mo fẹ́ràn àsìkò yẹn fún fọ́tò. Àmọ́ ọyẹ́ tó tún ìmọ́lẹ̀ ṣe yẹn náà ló ń gbẹ omi ojú iyán. Kí ẹ tó ṣí kámẹ́rà tán, iyán ti fi awọ bo ara rẹ̀.

Ìyẹn gbé wa dé orí ìmúra oúnjẹ. Àwọn òyìnbó ti ń ya fọ́tò oúnjẹ tipẹ́. William Henry Fox Talbot, ọ̀kan lára àwọn tó dá iṣẹ́ fọ́tò sílẹ̀, fi fọ́tò apẹ̀rẹ̀ èso sínú ìwé rẹ̀ The Pencil of Nature, tó jáde díẹ̀díẹ̀ láàrin 1844 sí 1846. Mo gbà pé ó gbọ́n. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn máa ń pẹ́ kó tó mú àwòrán, èso sì ní sùúrù. Iyán ò ní. Nítorí náà, ẹ tò gbogbo nǹkan tán kí iyán tó dé. Ẹ fi abọ́ òfìfo kan dí ipò rẹ̀ mú lórí tábìlì, ẹ wo ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn, ẹ yọ ike omi àti ṣájà fóònù kúrò níbẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ tó tán, kí iyán ṣì wà nínú odó.

Nígbà tó bá dé, bí wọ́n bá ti wé e sínú nylon, ẹ tú u. Ojú nylon máa ń fi ìlà sí iyán lára, kámẹ́rà á sì rí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi omi pa inú igbá kékeré kan, ẹ fi iyán sí i, ẹ yí i kí ó fi rí róbótó, ẹ dà á sórí àwo. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ fi ọwọ́ tó tutù pẹ̀lú omi ra á lórí lẹ́ẹ̀kan. Omi díẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kó dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmọ odó.

Àwo náà ń ṣiṣẹ́. Iyán funfun nínú àwo funfun, kò sí ẹni tó máa mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Ẹ gbé iyán sínú àwo dúdú, àwo amọ̀, tàbí igbá. Àmàlà ló yẹ ní àwo funfun. Kí àwo má tóbi jù pẹ̀lú, torí oúnjẹ tó kún àwo kékeré máa ń wu ojú ju oúnjẹ kan náà tó sọnù sí àárín àwo ńlá lọ. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ o, àwo lásán ni.

Ní ti ibi tí fóònù máa wà: ẹ jókòó sídìí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Ibi tí ojú yín wà yẹn, ibẹ̀ ni kí fóònù wà. Iyán ní gíga, bí ẹ bá yà á láti òkè tààrà, á dà bí òṣùpá. Ìrẹsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní dòdò àti ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun lẹ lè yà láti òkè. Bí ẹ bá fẹ́ kí èéfín gbígbóná hàn, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn oúnjẹ wá, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá sì dúdú. Èéfín ò lè hàn níwájú ògiri funfun, bó ti wù kí ọbẹ̀ gbóná tó.

Ọbẹ̀ ló le jù. Ẹran máa ń rì. Ẹ̀gúsí á bò ó, ẹja á lọ sísàlẹ̀, ohun tí kámẹ́rà á rí ò ju epo lọ. Ìṣòro yìí gan-an ló kó ilé iṣẹ́ ọbẹ̀ inú agolo tó ń jẹ́ Campbell sí wàhálà ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n fẹ́ polówó ọbẹ̀ wọn, ẹ̀fọ́ àti ẹran inú rẹ̀ sì ń rì. Àwọn tó ń ṣe ìpolówó wá kó àwọn gíláàsì róbótó kéékèèké tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré sí ìsàlẹ̀ abọ́. Àwọn nǹkan inú ọbẹ̀ léfòó, abọ́ kún bámúbámú lójú àwòrán. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò níbẹ̀, Federal Trade Commission, gbé e yẹ̀ wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní George Washington University dá sí i, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ wọn ní SOUP, àfi bí ìgbà tí àwọn ọmọ ibí bá kó ẹgbẹ́ jọ tí wọ́n pè é ní ỌBẸ̀. Ní 1970, àṣẹ jáde pé kí Campbell má ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ohun tí kì í ṣe ọbẹ̀ Campbell lójú abọ́ yẹn. Ohun tó wà lábẹ́ tí ẹni tó ń wò ó ò rí ló jẹ́ kó di ẹ̀tàn, torí ó mú kó dà bí ẹni pé ohun inú ọbẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ọ̀nà tó mọ́ wà láti yanjú ìṣòro kan náà: ẹ lo àwo tí kò jìn. Ẹ bu ọbẹ̀ tó ki sísàlẹ̀, ẹ fi ẹran lé e kẹ́yìn, ẹ wá da epo díẹ̀ láti inú ìkòkò kan náà lé ẹran lórí kó lè dán. Ẹ fi etí aṣọ nu ibi tó bá ta sí lára àwo. Ní ti ẹ̀fọ́, ẹ bu ti fọ́tò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, torí ẹ̀fọ́ tó bá pẹ́ lórí iná máa ń pàdánù àwọ̀ ewé rẹ̀.

Àwọn ọgbọ́n mìíràn wà tí wọ́n ń dá lókè òkun tí mi ò ní kí ẹ dá: gọ́ọ̀mù funfun dípò mílíìkì, ọ̀dùnkún gígún dípò áísìkiriìmù kó má bàa yọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dípò oyin. Mi ò lè tajà oúnjẹ fún èèyàn pẹ̀lú àwòrán ohun tó lè gbé e dé ọsibítù. Ọ̀nà kejì wà. Ní 2012, ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ McDonald’s ní Kánádà pé kí ló dé tí búrẹ́dì ẹlẹ́ran wọn kò rí bó ṣe rí nínú fọ́tò. Ọ̀gá ìpolówó wọn, Hope Bagozzi, ṣe fídíò kan, ó ra ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e lọ sí sítúdíò, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun èlò kan náà ni wọ́n lò. Wọ́n kàn fa àlùbọ́sà àti kùkúńbà síwájú kí wọ́n lè hàn ni, iṣẹ́ náà sì gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bóyá ó tẹ́ yín lọ́rùn tàbí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ó kéré tán, wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀tàn tó pọ̀ jù ò tiẹ̀ gba ọgbọ́n kankan. Wọ́n á kàn lọ mú fọ́tò olóúnjẹ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti ra ìrẹsì bẹ́ẹ̀ rí. Nínú fọ́tò, itan adìẹ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àwo tán. Ohun tó dé bá mi nínú ike, apá ni, apá adìẹ tó jọ pé kò fò rí láyé. Mo fi Google Lens wo fọ́tò náà, mo sì rí i lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ mìíràn tí ìlú wọn ò tilẹ̀ sún mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà, ẹ fi ọgbọ́n yẹn sápò, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Òfin Nàìjíríà ò fọwọ́ sí i. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ kò gbà kí oníṣòwò fi ohun tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà polówó ọjà rẹ̀, kò sì yọ ẹni tó ń tà á lórí status sílẹ̀. Àmọ́ kí àjọ kankan tó dé Kàbà, àwọn oníbàárà á ti dé. Ìlú yìí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ẹran kan jẹ ẹ́ níyà nídìí fọ́tò ẹran mẹ́ta, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì á gbọ́ kó tó di alẹ́. Ìwọ̀n tèmi ni pé kí ohun tó wà nínú fọ́tò jẹ́ ohun tí owó tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ lè rà. Bó bá jẹ́ ẹran ẹyọ kan ni ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ẹran ẹyọ kan ni kí ẹ yà. Ẹ yà á kó dán, kó gbóná, kó yọjú síwájú, ẹyọ kan náà ni.

Kí n má gbàgbé àwọn nǹkan kéékèèké. Ẹ nu ojú kámẹ́rà. Àwọn olóúnjẹ, ọwọ́ yín kì í gbẹ epo, ojú kámẹ́rà tó lépo ló ń jẹ́ kí fọ́tò dà bí ohun tí wọ́n yà nínú kùrukùru. Ẹ pa iná fóònù tó ń bù yẹ̀rì. Ẹ má gbé fóònù sún mọ́ oúnjẹ jù, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fi 2x fà á, kí iwájú àwo má bàa wú ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Portrait mode máa ń gé etí àwo jẹ, ó sì máa ń pa igun ẹran rẹ́, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún oúnjẹ. Filter tó ń mú kí epo pupa pupa bí ọ̀dà, ẹ fi sílẹ̀. Láti oṣù kẹjọ 2023 ni WhatsApp ti ní HD: bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ àsè fún yín, ẹ tẹ HD kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kó má bàa fún iyán yín mọ́lẹ̀ kó tó dé Àbújá.

Ìyá tó ní fóònù òun gọ̀ yẹn, a yà á lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, nínú àwo amọ̀, páálí Indomie lápá ọ̀tún. Fóònù kan náà. Wọ́n wo fọ́tò náà pẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò méjèèjì fẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, “Ṣé iyán mi nìyí?” Mo ní òun ni, mà.

Ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí la máa ń ṣe sí oúnjẹ lẹ́yìn tí a bá ti yà á tán. Ìbéèrè rere ni. A ò da gọ́ọ̀mù sí i, a ò da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. A máa ń fọwọ́, a máa ń jẹ ẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́.